Ìwé Tí Wọn Kò Kà fún Bàbá Ògúnjìmí

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹfà ọdún 1987 ni katapílà wọ oko Bàbá Ògúnjìmí ní Ìbà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sì ń yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò bìkítà. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìwé wọlé, ó tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ lọ gbọọrọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn igi àgbọn ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí wọ́n rán tó dé ọ̀dọ̀ Àbíkẹ́, ọmọ Bàbá, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Okokomaiko, igi mọ́kànlá ti wà nílẹ̀.

Àbíkẹ́ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wọ ọkọ̀ dé Ìyànà Ìbà, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó bá Bàbá lórí ìdúró láàárín oko, àdá wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e sókè. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò dúró níwájú wọn, ó mú fọ́tòkọ́pì ìwé kan dání.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ni ọkùnrin náà ń wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ọ̀gbẹ́ni Adébísí ti ra ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ yín, ilé ìkẹ́rùsí ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ìka yín nìyí."

"Mo tẹ̀ka," ni Bàbá dáhùn. "Mi ò tà."

"Ohun tó wà nínú ìwé ni pé ẹ tà á, sà."

Bàbá gba ìwé náà, wọ́n nà án sí Àbíkẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìtẹ̀ka kan wà níbẹ̀, ó dúdú, ó sì fẹ̀. Lábẹ́ ìtẹ̀ka náà, níbi tí wọ́n kọ ẹlẹ́rìí sí, Àbíkẹ́ rí orúkọ kan: A. Ògúnjìmí. Ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń tẹ orí lẹ́tà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ó ká fọ́tòkọ́pì náà, ó fi í há ìró; ọkùnrin náà ní kó máa mú un lọ.

Oṣù mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kọ́láwọlé, tó ń ta ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n ní Ọjà Àlàbá, mú àlejò kan wá sílé ní ọ̀sán Sátidé. Ó sọ fún Bàbá pé ọ̀rẹ́ òun ń wá ibi tó máa kó ẹrù rẹ̀ sí fún ọdún méjì péré, pé ó máa san owó ìyálò, tí ọdún méjì bá pé á kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Àbíkẹ́ ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń dín ẹja. Bàbá béèrè bóyá wọn ò ní gé àgbọn. Kọ́láwọlé ní wọn ò ní gé ẹyọ kan. Ó ṣí íǹkì, ó di ìka Bàbá mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì fi áńkáṣífù tirẹ̀ nu ìka náà mọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ló pe Àbíkẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Òróró wà lórí iná. Àbíkẹ́ nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó fọwọ́ sí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi hàn án, ó sì sáré padà sídìí ẹja rẹ̀. Ó mọ̀wé kà. Ó ka ìwé mẹ́fà, ó tún lọ sí ilé ìwé mọ́dà fún ọdún méjì. Kò kà á ni.

Lọ́jọ́ kejì tí katapílà wọ oko, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àlàbá. Kọ́láwọlé ń tú ẹrù sílẹ̀ nínú páálí. Nígbà tó rí i, ó ti mọ ohun tó gbé e wá. Ó fà á wọ ẹ̀yìn káńtà, ó ní kó jókòó.

"Bọ̀dá Kọ́lá, ọdún méjì lẹ sọ fún Bàbá."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Kí ló wá dé?"

"Ìwọ náà wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ló wà níbẹ̀. Bí ìjọba bá ní àwọn fẹ́ ilẹ̀ yẹn lọ́la, ṣé wọ́n máa bi Bàbá léèrè? Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá, ta ló bá mi dá a padà? Ìyàwó mi ń sùn nílé ìyá rẹ̀. Mo ṣe ohun tí mo lè ṣe ni."

"Ẹ ò bá sọ fún wọn."

"Wọn ò ní gbà." Ó gbé páálí kan sí ẹ̀gbẹ́. "Ìwọ náà fọwọ́ sí i, Àbíkẹ́. Bí o bá lọ sọ pé irọ́ ni, irọ́ àwa méjèèjì ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n máa kó wa lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé lọ sílé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti padà sí ilé Bàbá ní Ìbà, òun ló ń se oúnjẹ wọn, òun ló ń fọ aṣọ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ síwájú wọn, kò sì lè wò wọ́n lójú. Bàbá kò bi í léèrè ohunkóhun. Òun àti Bàbá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn èyí wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, kí wọ́n lọ gba lọ́yà. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú. Àwọn yẹn dá ọjọ́ fún wọn, ọjọ́ pé, wọ́n tún dá òmíràn.

Lọ́kàn Àbíkẹ́, lọ́yà jẹ́ àwọn èèyàn tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga, tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú imú. Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn, àfi ẹyọ kan tí kò kà sí lọ́yà rí, nítorí pé oníbàárà rẹ̀ ni.

Obìnrin yìí, Lọ́yà Florence Ìgè, ní ọ́fíìsì ní Okokomaiko, kò ju ilé mẹ́fà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àbíkẹ́. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó sanra díẹ̀, ó máa ń wọ sálúbàtà wá sí ibi iṣẹ́, tí yóò sì fi bàtà kóòtù sínú àpò. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó mú gáùn dúdú rẹ̀ wá, apá rẹ̀ kan ti ya.

"Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló fà á," ló sọ. "Ọ̀la ni mo nílò rẹ̀. Mo lè dúró dè é."

Ó jókòó. Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ó rán an dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè nǹkan. Tí èèyàn bá fọwọ́ sí ìwé tí kò kà, tí ìwé náà wá di ọ̀ràn, ṣé ẹ̀wọ̀n ni?"

Lọ́yà Ìgè wò ó díẹ̀ kó tó dáhùn. "Ó dá lórí ohun tó wà nínú ìwé náà, àti ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i. Mi ò lè mọ ìyẹn láti ibi tí mo jókòó sí. Ṣé ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Fọ́tòkọ́pì rẹ̀ wà, mà. Ti ilẹ̀ ni. Bàbá ẹ̀ ló tẹ̀ka."

"Ṣé bàbá náà mọ̀wé?"

"Rárá mà."

"Kó mú ìwé náà wá, kó sì mú bàbá náà wá. Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tí mo bá ti ti kóòtù dé. N kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ wá rojọ́. Etí lásán ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Àbíkẹ́ parí gáùn náà. Nígbà tí lọ́yà lọ tán, ó rí i pé òun ti rán ẹ̀yìn apá mọ́ iwájú ní ibì kan, ó sì ní láti sáré tẹ̀ lé e.

Ọ́fíìsì náà kò jọ ohun tó rò nígbà tí òun àti Bàbá débẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, ilé ẹ̀rọ ata wà ní apá òsì, tí wọ́n bá sì ń lọ ata, ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì ní láti gbé ohùn sókè. Bẹ́ǹṣì kan wà, tábìlì méjì, àti àwọn fáìlì tí wọ́n fi okùn dì. Yínúsà, akọ̀wé kóòtù àtijọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tẹ ìwé níbẹ̀. Ó dìde nígbà tí Bàbá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fún wọn ní àga tirẹ̀, ó sì bu omi fún wọn.

"Bàbá," ni Lọ́yà Ìgè sọ, "kí n tó bi yín ní ohunkóhun, mo fẹ́ ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ ṣáà máa gbọ́. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ dá mi dúró."

Ó fi ìka sí orí ìlà àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú rẹ̀, Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó kà á pé òun, Ògúnjìmí ti Ìbà, ni olórí ìdílé òun. Ó kà á pé òun ti gba owó òun pé. Ó kà á pé òun fi ilẹ̀ òun, láti etí ọ̀nà títí dé ẹ̀bá àbàtà, fún Ọ̀gbẹ́ni Adébísí àti àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ títí láé, pé òun tàbí ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bàbá tẹ́tí títí ó fi parí. Wọ́n na ọrùn síwájú díẹ̀.

"Níbo ni ọdún méjì wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Àgbọn tí wọ́n ní àwọn ò ní gé ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

Bàbá wo ìwé náà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já bọ́ sí. Ilé ẹ̀rọ ata bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Lọ́yà Ìgè sì sún àga mọ́ wọn.

"Mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín," ni Lọ́yà Ìgè sọ. "Òfin wà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun ka ìwé náà fún un, òun túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Mo ti wá a nínú ìwé yìí, mi ò rí i. Ibẹ̀ la máa gbà wọlé. Ṣùgbọ́n kò tó fúnra rẹ̀. Adájọ́ máa fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún yín lọ́jọ́ náà. Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

"Èmi," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi Kọ́láwọlé. Àti ẹni tó fẹ́ ilẹ̀."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Kò sí."

Lọ́yà Ìgè wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ó wá gbé ojú sókè sí Àbíkẹ́. Bàbá náà rí i.

"Ẹ̀yìnkùlé ni Àbíkẹ́ wà lọ́jọ́ yẹn," ni Bàbá sọ kíákíá. "Ẹja ló ń dín. Kò mọ nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ló tó yé Àbíkẹ́ pé láti ọjọ́ tí katapílà ti dé ni Bàbá ti mọ̀. Wọ́n ti rí i nígbà tó fọwọ́ sí i. Wọ́n jókòó síbẹ̀ níjọ́ náà, wọ́n ń wò ó. Gbogbo oúnjẹ tó ti gbé síwájú wọn láti ìgbà náà, wọ́n mọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mà. Èmi ni ọ̀rẹ́ tí mo sọ. Mo lè kà á, mi ò kà á. Ẹ má bínú, Bàbá."

Yínúsà dáwọ́ ìwé títẹ̀ dúró.

"Ṣé o gbà lára owó náà?" ni Lọ́yà Ìgè bi í.

"Rárá mà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n tà á."

"Ó dáa. Dìde. Kò sí ẹni tó máa gbé ọ lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé o kò kàwé. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ fẹ́ kí o dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Bí a bá gbé ẹjọ́ yìí lọ sí Ìkẹjà, ìwọ ni ẹlẹ́rìí wa. O máa dúró síbẹ̀, o máa sọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ pé ó parọ́ fún bàbá rẹ, o sì máa sọ ohun tí ìwọ náà ṣe. Ó lè gba ọdún mẹ́ta, ó lè gba márùn-ún. A lè ṣe é tán kí a má jàre. Owó iṣẹ́ mi, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ṣe rí i."

"Lọ́yà, ọmọ mi," ni Bàbá wí, "má pe ọmọ yìí sí kóòtù. Ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi nínú àwọn méjèèjì."

"Bàbá, tí kò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yín àti ọ̀rọ̀ Kọ́láwọlé nìkan ni adájọ́ máa gbọ́. Ìwé wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ tiyín."

Bàbá jókòó títí omi tó wà nínú ife wọn fi tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Yínúsà, wọ́n ní, "Máa kọ ọ́."

Báyìí ni ẹjọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà Ìgè pe Ọ̀gbẹ́ni Adébísí lẹ́jọ́, ó sì pe Kọ́láwọlé mọ́ ọn. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí gbogbo iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn òṣìṣẹ́ Adébísí ṣì fi ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn àṣẹ náà. Yínúsà fúnra rẹ̀ ló bá bélífù kóòtù lọ síbẹ̀, tó dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi lẹ ìwé mọ́ ara katapílà. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ dúró, kò sí igi àgbọn kankan mọ́. Wọ́n ti da erùpẹ̀ pupa sí gbogbo ibẹ̀, wọ́n sì ti mọ odi kan dé ìdajì.

Kọ́láwọlé wá sí Ìbà ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Lọ sọ ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn níwájú adájọ́, bó ṣe rí gan-an. Tí o bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti tán láàárín èmi àti ìwọ."

"Bàbá, tí mo bá sọ ọ́, ọkùnrin yẹn máa ní kí n dá owó òun padà. Kò sí mọ́. Ó máa ní kí wọ́n tì mí mọ́lé."

"Ó dáa. Máa lọ."

Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, kò sì wo Àbíkẹ́ nígbà tó ń kọjá.

Lọ́yà Ìgè rí i pé ara Bàbá ń rẹ̀ sí i. Ó bẹ adájọ́ kó gbọ́ ẹ̀rí wọn kó tó kan ti ẹnikẹ́ni, nítorí ọjọ́ orí wọn, adájọ́ sì gbà. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni Bàbá gbéra láti Ìbà dé Ìkẹjà kí wọ́n tó gbọ́ ọ: ní ọjọ́ àkọ́kọ́ adájọ́ kò wá, ní èkejì lọ́yà Ọ̀gbẹ́ni Adébísí ní ara òun kò yá, ní ẹ̀kẹta kò sí iná. Ní ẹ̀kẹrin, oṣù kẹta ọdún 1988, wọ́n dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, wọ́n di etí rẹ̀ mú.

"Ṣé ìka yín nìyí, Bàbá?" ni lọ́yà Ọ̀gbẹ́ni Adébísí bi wọ́n.

"Ìka mi ni."

"Ṣé wọ́n fi tipátipá mú yín tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá. Ọmọ mi ló dì í mú. Ohun tó sọ fún mi ni mo tẹ̀ka sí. Ohun tó wà nínú ìwé, ọ́fíìsì lọ́yà ní Okokomaiko ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Akọ̀wé kóòtù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá kò lọ sí apá oko náà mọ́. Bí wọ́n bá jẹun, wọn a jẹ òkèlè méjì, wọn a ní ó tó. Wọ́n máa ń gbé àga sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí oòrùn á fi kan wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tí ọyẹ́ mú, Àbíkẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú nítorí pé kò sí iṣẹ́, ó bá wọn lórí àga náà. Ó rò pé oorun ni. Ó kọ́kọ́ lọ gbé omi kaná fún wọn.

Kọ́láwọlé wá síbi ìsìnkú. Òun ni àrẹ̀mọ, òun ló kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i. Òun àti Àbíkẹ́ dúró ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ẹ̀bá sàréè. Nígbà tí àwọn èèyàn jẹun tán, àwọn àbúrò Bàbá pe Àbíkẹ́ sínú yàrá. Wọ́n ní Bàbá ti lọ, kí ẹjọ́ náà bá wọn lọ. Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa sọ nígboro pé ọmọ ìyá kan náà ń pe ara wọn lẹ́jọ́? Ó ní òun gbọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lọ bá Lọ́yà Ìgè. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, mà. Ó ti rẹ èmi náà."

"O lè fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá ọ wí," ni Lọ́yà Ìgè dáhùn. "Mo ní láti sọ èyí tó kù fún ọ, kí o lè mọ ohun tí o ń fi sílẹ̀. Wọ́n ti gbé adájọ́ wa lọ sí ibòmíràn. Adájọ́ tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin gbà pé tí ẹlẹ́rìí bá ti kú, a lè ka ohun tó sọ lábẹ́ ìbúra. Yínúsà ti lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní kóòtù, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ohùn bàbá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí a fi orúkọ rẹ rọ́pò tiwọn, kí ìwọ náà sì wá sọ tìrẹ."

Yínúsà gbé ìwé náà fún un láti orí tábìlì tirẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Àbíkẹ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra ń kà á, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kóòtù le. Ó gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ òun sí i.

Oṣù kẹwàá ọdún 1990 ló tó dúró níbi tí Bàbá ti dúró. Kọ́láwọlé jókòó ní ìlà kejì, ó ti rù, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ. Àbíkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀: àlejò, ọdún méjì, íǹkì, ẹja tó wà lórí iná. Lọ́yà Adébísí dìde.

"Madam, o mọ̀wé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O fọwọ́ sí ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé bàbá rẹ ta ilẹ̀. Lónìí o dé ibí, o ní kò tà á. Èwo ni kí ilé ẹjọ́ gbà gbọ́? Irọ́ àkọ́kọ́ ni àbí irọ́ kejì?"

Lọ́yà Ìgè dìde láti tako ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n Àbíkẹ́ ti ń dáhùn.

"Mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò rò pé mo ní láti kà á. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọdún méjì tí wọ́n sọ fún Bàbá pẹ̀lú etí mi méjèèjì."

Ó wo Kọ́láwọlé nígbà tó sọ èyí. Kọ́láwọlé ń wo ilẹ̀.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà ní oṣù keje ọdún 1991. Adájọ́ sọ pé ìwé náà kò lè dúró, pé ẹni tó tẹ̀ka sí i kò mọ ohun tó tẹ̀ka sí, pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé Ògúnjìmí. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Adébísí kúrò níbẹ̀. Yínúsà bọ Àbíkẹ́ lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀ṣòdì, Lọ́yà Ìgè yíjú sí Àbíkẹ́.

"Ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀," ló sọ. "Ìdílé ni adájọ́ dá ilẹ̀ náà padà fún. Nígbà tí bàbá rẹ ti lọ, àrẹ̀mọ ni olórí ìdílé."

Àbíkẹ́ wò ó. "Bọ̀dá Kọ́lá."

"Òun ni. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, ilé ẹjọ́ sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò lè dá ilẹ̀ náà tà láìsí ìwọ. Tó bá tà á láìbi ọ́, o lè lọ sí kóòtù kó tú u ká. Lọ́la, a máa kọ ìwé sí i, a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, a máa gbé pátákó síbẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Mo mọ̀ pé èyí kọ́ ni o fẹ́ gbọ́ lónìí."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Àbíkẹ́ wí.

Wọ́n gbé pátákó náà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àbíkẹ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká. Odi ìdajì náà ṣì wà níbẹ̀, koríko ti hù láàárín búlọ́ọ̀kù. Erùpẹ̀ pupa tí wọ́n dà síbẹ̀ ti le gbandi. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa á, kò wọlé.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí Kọ́láwọlé tó yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okokomaiko, ní ọ̀sán ọjọ́ òjò. Òjò ti pa á. Àbíkẹ́ fún un ní àpótí, ó jókòó, ó ń wo bí ó ṣe ń rán aṣọ.

"Adébísí ti pè mí lẹ́jọ́ nítorí owó ẹ̀," ló sọ.

"Mo gbọ́."

"Kí la máa wá ṣe sí ilẹ̀ náà?"

Àbíkẹ́ já òwú. "Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i, ọ́fíìsì Lọ́yà Ìgè ni ilé kẹfà sí ibí. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Wọ́n máa ránṣẹ́ pè mí, màá sì wá."

Kọ́láwọlé mi orí pé òun gbọ́. Kò dìde. Òjò ń rọ̀ lórí páánù, òun náà sì jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín orúnkún. Àbíkẹ́ ń rán aṣọ lọ. Nígbà tí òjò dá, ó ní òun ń lọ, Àbíkẹ́ sì ní kó kí ìyàwó rẹ̀ fún òun.